Ẹnì kan, ìwé méjì, nọ́ńbà kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Sabon Gari níbí, ẹ̀yin ará Kàdúná, ẹ̀yin ará Jọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àdímíìnì yín ni. Ọ̀rọ̀ ápù àjọ wa ni mo fẹ́ sọ. Látìgbà tí akọ̀wé ti gbé lísìtì sórí grúùpù, àwọn kan ń bèèrè pé, "Orúkọ mi wà níbẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì mi dà?" Àwọn míì tiẹ̀ ń sọ pé ẹnìkan ti yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Inú database, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, ìwé méjì la là sílẹ̀. Table làwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè é, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìwé. Ìwé kìíní: orúkọ, fóònù, ọjà tí èèyàn ń tà, ìlà ṣọ́ọ̀bù. Ìwé kejì: báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ onídùúró. Inú ìwé kìíní nìkan ni lísìtì akọ̀wé ti wá. Kò lè gbé àkáǹtì yín wá, torí kò sí níbẹ̀.

Ọmọ tó ń bá wa ṣe ápù náà ń fi èdè Java kọ ọ́, ó sì ń lo Hibernate. Ẹ wo Hibernate bí alágbàtà. Ẹni tó ń kọ ápù ń rí ọmọ ẹgbẹ́ bí odindi èèyàn kan; database ń rí ìlà inú ìwé méjì. Alágbàtà ló wà láàárín wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa sọ fún un pé orúkọ wà níbí, àkáǹtì wà lọ́hùn-ún. SecondaryTable ni wọ́n ń pe àṣẹ tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Látìgbà náà, òun ni yóò máa pín in, tí yóò sì máa kó o jọ.

Kí ló wá so ìwé méjèèjì pọ̀? Nọ́ńbà ni. Tí ẹ bá jẹ́ 47 nínú ìwé kìíní, 47 náà lẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú ìkejì. Kì í wo orúkọ rárá. Ìyá Ìbejì mélòó ló wà nínú grúùpù yìí nìkan?

Ẹnìkan dábàá pé ká fi nọ́ńbà fóònù ṣe é. Mi ò fara mọ́ ọn. Èèyàn ń pààrọ̀ láìnì, láìnì tí a ò sì lò títí, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíì. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ kò ní iṣẹ́ míì, kò sóhun tó máa yí i padà.

Ẹ lè ní, ṣé ìwé kan ò tó ni? Ó tó, àmọ́ pẹ̀lú ìwé méjì, a lè fún akọ̀wé ní kọ́kọ́rọ́ ìkíní, kí akápò nìkan ní ti ìkejì. Kì í ṣe pé a fura sí akọ̀wé o. Tí olè bá gbé fóònù rẹ̀ ńkọ́?

Ó ní ohun tó ń náni. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ewé yín, ìwé méjèèjì ló máa wò kó tó dá yín lóhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kó má ṣe ju méjì lọ. Bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ẹni tuntun sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n máa ń di kíkọ méjèèjì bí ẹrù kan: tí méjèèjì ò bá wọlé, ọ̀kankan ò ní wọlé. Transaction nìyẹn. A ti ní kó dán an wò lójú wa, kó pa ẹ̀rọ láàárín iṣẹ́, ká fojú wa rí i.

Èyí tó kàn wá jù rèé. Àwọn kan forúkọ sílẹ̀ ní Kánò, wọ́n tún forúkọ sílẹ̀ ní Kàdúná. Lójú ápù, èèyàn méjì ni wọ́n. Owó tí wọ́n dá lórí nọ́ńbà kan kò ní hàn lórí ìkejì. Tó bá kàn wọ́n láti kó, àkáǹtì tí wọn ò lò mọ́ lowó lè gbà lọ. Ẹ sì mọ bó ṣe ń le láti gba owó tó ti ṣáko padà.

Torí náà, kí ọjọ́ Àìkú tó dé: ẹni tó ní nọ́ńbà méjì, kó pe akápò, kó mú ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣí ojú ewé tirẹ̀ tó rí òfo níbi àkáǹtì, kò tíì fi sílẹ̀ ni, ìlà rẹ̀ ò tíì sí nínú ìwé kejì; kó lọ fi sílẹ̀. Ẹni tó kúrò tó tún padà wá, nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ ni kó lò. Ẹ má sì gbé nọ́ńbà àkáǹtì sórí grúùpù o, akápò nìkan ni kẹ́ ẹ fún.

Ẹni tí kò bá yé, kó fi ohùn ránṣẹ́. Ọlọ́run á ṣọ́ ilé, á ṣọ́ ọjà. Ire o.