Ibà Ló Ṣe É, Kì í Ṣe Wèrè
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọjà, Alákìá)

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wa la fẹ́ sọ. A ò ní dárúkọ, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ gbóná fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, àgbo ló ń mu. Lóru ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò rẹ̀ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: taifọ́ọ̀dù ni.

Ẹ máa ní, "Taifọ́ọ̀dù kẹ̀? Ṣebí inú ni ìyẹn ń bá jà, kí ló kan orí?" Ó kàn án o. Omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti kàn ni kòkòrò rẹ̀ ń bá wọlé. Láti ìfun, á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ibà náà bá pẹ́ lára, ó lè da ọpọlọ rú. Lọ́dún 1972, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntọ́kun àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn níbí tẹ ìwé jáde lórí aláìsàn taifọ́ọ̀dù 959, àti bó ṣe ń dààmú ọpọlọ.

Ọpọlọ náà a máa dààmú inú. Ọjọ́ tí ẹni tó jẹ wá lówó bá sá lọ, ṣé inú wa kì í ru? Iṣan ló so méjèèjì pọ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo kòkòrò inú ló burú. Àwọn kan ń bá wa lọ oúnjẹ, bí irú wọn ṣe ń mú kí ògì kan. Kápúsù tí a bá rà lọ́wọ́ oníkiri lè pa ti rere, kó má pa ti burúkú.

Nítorí náà, ibà tó bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ilé ìwòsàn ni o. Oògùn tí wọ́n bá fún wa, ká lò ó tán. Omi kànga, ẹ sè é. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ àti omi bí ẹ bá ti ilé ìgbẹ́ dé. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ṣì lè gbé kòkòrò náà kiri.

Èyí tó dùn wá jù ni pé arábìnrin wa ti padà sọ́jà, ara ti le, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fo ìsọ̀ rẹ̀ kọjá, wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí. Kò yẹ wá. Ibà ló ṣe é, ibà sì ti lọ. Ẹ yà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ rajà. Ẹnikẹ́ni nínú wa ló lè kàn lọ́la.