Okùn Tí À Ń Fà Tí Ó Ń Fẹ̀

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí sáyẹ́ǹsì, èmi tí mo ń fi ìròyìn jẹun! Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí irun.

Ọmọ kíláàsì wa kan kúrò ní SS 1 nítorí owó, ó lọ kọ́ iṣẹ́ irun dídì ní Ìkàrẹ́. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ó di atáṣímẹ́ǹtì fún oníbàárà tán, ó wá ti ìdí irun náà bọ omi gbígbóná. Ó ní, "Tí omi ò bá gbóná tó, á tú. Tó bá sì kan iná, á yọ́ di kókó. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà." Oríṣi ike ni irun yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ooru ló ń jẹ́ kó gba ìrísí tuntun. Bó bá ti tutù, ó di bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Àárín yẹn náà ni àwọn onímọ̀ ń wá. Ní 1987, Roderic Lakes ní Yunifásítì Iowa, Amẹ́ríkà, há fóòmù mọ́ inú àpótí kékeré títí ó fi sún kì ní gbogbo ọ̀nà. Ó mú un gbóná dé ibi tó ti rọ̀, ó sì jẹ́ kó tutù. Nígbà tó fà á, dípò kó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi rọ́bà, ńṣe ló fẹ̀! Ní 1991 ni Ken Evans sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní auxetic. Ní 2002, Kim Alderson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bolton, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi polypropylene, ọ̀rá tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, ṣe fọ́nrán tó ń fẹ̀ bí a bá fà á. Nǹkan bí 159 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ooru tí wọ́n lò. Àwọn hóró ọ̀rá náà kò yọ́ tán, wọ́n kàn fi ara lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá yọ́ pọ̀, òwú lásán la ó rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù iṣu gba òkè Ọ̀kà, ẹ mọ̀ bí okùn ọ̀rá ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdè á sì dẹ̀. Èyí tó ń fẹ̀, bí a ṣe ń fà á ni yóò máa há sí i.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé ohun tí ẹ kọ́ lẹ́yìn tí mo lọ nìyẹn? Mo ti rò pé ó kọjá mi."

Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, nítorí kò ṣe WAEC. Ó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé náà.