Àrùn Tí Kò Ní Orúkọ Kan Ṣoṣo

Ìbéèrè tí ètò ti òní dá lé lórí ni èyí: bí èdè kan kò bá ní orúkọ kan ṣoṣo fún àrùn kan, ǹjẹ́ a lè tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé àrùn náà kò sí láàárín àwọn tí ń sọ èdè náà? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán láàárín àwọn onímọ̀ èdè. Ìdáhùn tí a bá fún un ni yóò sọ bóyá aláìsàn yóò rí ìtọ́jú, tàbí wọn yóò máa pè é ní ọ̀lẹ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀.

Àrùn tí à ń wí ni èyí tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní depression. Àwọn kan nínú wa ń pè é ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìsoríkọ́. Ìbànújẹ́ lásán kọ́ ni. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè sunkún títí, ṣùgbọ́n bí a ti ń sunkún náà la máa ń ríran: olúwarẹ̀ ṣì lè rẹ́rìn-ín bí ọmọ rẹ̀ bá dápàárá, oúnjẹ sì tún lè wù ú jẹ. Ti ìsoríkọ́ yàtọ̀. Ó kéré tán, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọkàn ẹni náà yóò ṣókùnkùn ní ọ̀pọ̀ wákàtí ojoojúmọ́, tàbí kí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ ọn mọ́. Oorun yóò dá lójú rẹ̀. Oúnjẹ kò ní lọ lọ́fun. Okun inú rẹ̀ yóò tán. Yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò tó nǹkan. Nígbà mìíràn, ikú yóò dà bí ìsinmi lójú rẹ̀.

Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers kọ nípa ọkàn ọmọ Áfíríkà. Oníṣègùn yìí ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Nairobi, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ó ní ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn dúdú, nítorí pé wọn kì í gbé ẹ̀bi ka orí ara wọn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń gbé lọ sí irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà? Ẹni tó ń jà, tó ń sọ òkò, tó ń ba nǹkan jẹ́ ni. Ẹni tó ká jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá, tó kọjú sí ògiri, kò yọ ará àdúgbò lẹ́nu. Ta ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba?

Margaret Field, oníṣègùn ọpọlọ tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, wá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n wà gan-an. Ní agbègbè Àṣáńtì ní ilẹ̀ Gánà, ó ń jókòó ní àwọn ojúbọ tí ará ìlú ti ń wá ìrànlọ́wọ́. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1960, ó sọ nípa àwọn obìnrin tó fẹsẹ̀ ara wọn wá jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn, pé àwọn ni àwọn ṣe ibi fún àwọn ènìyàn àwọn. Ẹ̀bi tí Carothers ní kò sí nìyẹn, tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn bí ẹrù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí ìlú náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro. Ó ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé ẹ̀bá Abẹ́òkúta àti nínú ìlú náà. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1963.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà bèèrè ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè kíyè sí jù. Nígbà tí wọ́n wá orúkọ kan ṣoṣo tó bá ti òyìnbó dọ́gba, wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú àrùn náà sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń bèèrè àmì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àìsùn, àìlèjẹun, ẹkún àìdabọ̀, àárẹ̀ àti àníyàn àníjù, àwọn ará abúlé mọ̀ wọ́n. Wọ́n sì rí àwọn tí irú àmì bẹ́ẹ̀ wà lára wọn. Abèèrè kì í ṣìnà, bí ó bá mọ bí a ti ń bèèrè.

Ìdí ni pé Yorùbá a máa fi ara sọ ọ̀rọ̀ ọkàn. Ènìyàn lè dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ó ní orí òun ń gbóná, kòkòrò ń rìn nínú orí òun, àyà òun ń já. Bí dókítà bá fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí kí ó máa lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ló tọ́jú, ó fi àrùn sílẹ̀. Ní 1960, Raymond Prince, ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ìwé kò sì wọ̀ wọ́n lórí mọ́. Àwọn onímọ̀ kan tó tẹ̀ lé e gbà pé ìsoríkọ́ tàbí àníyàn ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ti ìwòsàn ńkọ́? Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ èròjà reserpine lára igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú ní èròjà yìí. Nígbà tí wọ́n ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ìròyìn dé pé ọkàn àwọn kan tó lò ó ń rẹ̀wẹ̀sì. Ní 1952 yìí kan náà, ní ilé ìwòsàn Sea View ní New York, wọ́n kíyè sí i pé iproniazid, oògùn ikọ́ ife, ń mú inú àwọn aláìsàn dùn. Ohun méjèèjì yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ máa wádìí àwọn èròjà tí ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ. Ní 1957, Roland Kuhn ní Switzerland ròyìn pé imipramine ń ran àwọn tí ìsoríkọ́ mú lọ́wọ́. Lónìí, a mọ̀ pé ọ̀ràn náà jinlẹ̀ ju àìtó èròjà kan lọ. Ìran ẹni, ìyà tó jẹni, òṣì àti àdánìkanwà, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Oògùn nìkan kọ́ sì ni ìtọ́jú. Ní 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde: nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ṣe ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, nǹkan bí 8 péré nínú 100 ló rí ìtọ́jú. Nítorí pé dókítà ọpọlọ kò tó nǹkan, wọ́n yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú aboyún ní ilé ìwòsàn kéékèèké. Wọ́n kọ́ wọn láti mọ àmì ìsoríkọ́, kí wọ́n jókòó ti obìnrin náà, kí wọ́n bá a to ìṣòro rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n mú ọ̀kan tó ṣeé bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè ibi tó bá a dé nígbà tó bá padà wá. Wọ́n fi èyí wé ìtọ́jú tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbájáde tó jáde ní 2019 fi hàn pé nígbà tí ọmọ fi pé oṣù mẹ́fà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá náà ti gbádùn ní ọ̀nà méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dáhùn ìbéèrè tẹ́lẹ̀, tó wá dákẹ́, tí kò wẹ̀ dáadáa mọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, kí a má ṣe kọ́kọ́ mú pàṣán. Kí a pè é sí kọ̀rọ̀: Ǹjẹ́ ò ń sùn? Ǹjẹ́ oúnjẹ ń lọ? Kí ló ń dùn mọ́ ọ nínú báyìí? Bí ó bá sì dà bí ẹni pé ayé ti sú u, kí a bi í gbangba bóyá ó ń ro ikú. Ìbéèrè náà kò ní kó èrò ikú sí i lọ́kàn. Ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, kí a má fi òun nìkan sílẹ̀. Kí a bá a dé ilé ìwòsàn.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìsoríkọ́ mú, ohun tó ń dùn ún ló ń gbé mì. Kò sí bí a ó ṣe gbọ́ ọ, àfi bí a bá bèèrè.