Dídí Ibi Tí Sìmẹ́ǹtì Ti Sán

Ẹ̀yin ará Olúpọ̀nnà, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní iwájú ilé tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, omi ni aláǹgbá náà. Láti ọdún 1960 ni a ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Ó le, síbẹ̀ ó ń sán. Bí òjò bá rọ̀, omi a gba ibẹ̀ wọlé, a sì wọ́ iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ilé bá jẹ́ ti amọ̀, ìpìlẹ̀ a rọ̀. Ìgbà tí ògiri bá fì ni onílé ń fura.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò àtúnṣe. Kí onílé fi irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ ibi tí ó sán fẹ̀, kí ó gbá eruku kúrò, kí ó sì wọ́n omi sí i. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe èyí, wọ́n a kàn pa á lójú. Kì í pẹ́ ṣí. Sìmẹ́ǹtì ọpọ́n kan sí yanrìn ọpọ́n mẹ́ta tó. Kí ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú dáadáa, kí ó sì fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán.

Ibi tí ó bá tún sán, ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó ń rìn. Ọ̀dà títì ni kí ó fi dí i, nítorí ọ̀dà máa ń fà, sìmẹ́ǹtì kì í fà.