Òwò Pẹ̀lú Ìlú tí A Fi Òfin Dè
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa ní Ìkẹjà àti Agége)

Púpọ̀ nínú wa ni oúnjẹ òòjọ́ wọn ń bẹ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà tàbí nínú ọjà Agége. Nítorí náà ni a ṣe ń bèèrè pé: bí ìjọba bá fi òfin de òwò pẹ̀lú ìlú kan, kí ni ó tọ́ kí a ṣe?

A kò wí pé irú òfin bẹ́ẹ̀ burú nígbà gbogbo. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní ọdún 1959, Olóyè Albert Luthuli, olórí ẹgbẹ́ ANC ní Gúúsù Áfíríkà, bẹ àwọn ará òkèèrè pé kí wọ́n má ra ọjà ilẹ̀ òun mọ́, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ìyà náà yóò kan àwọn ènìyàn òun. Nàìjíríà gbọ́ igbe náà, àwa pẹ̀lú sì san nínú owó rẹ̀. Ní 1976, àwọn eléré ìdárayá wa kò kópa nínú ìdíje Olympic ní Montreal, nítorí pé àwọn ará New Zealand lọ ṣeré rọ́gíbì ní Gúúsù Áfíríkà, a kò sì lé New Zealand kúrò nínú ìdíje náà. Ní 1979, ìjọba gba ilé-iṣẹ́ epo BP nítorí ọ̀ràn epo tí ń dé ilẹ̀ náà.

Ọ̀ràn ilẹ̀ Niger yàtọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2023, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ECOWAS fi ti ààlà, tí ó sì dá òwò dúró. Nàìjíríà gé iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iná wọn ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Láti ayé àwọn baba wa ni obì Agége ti ń gba ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya. Láti Niger ni màlúù àti àlùbọ́sà Galmi ti ń wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni tí àlùbọ́sà rẹ̀ jẹrà sórí ọkọ̀ ní ààlà kò gbé ìbọn ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a gbé ọ̀pọ̀ nínú òfin náà kúrò ní oṣù kejì 2024, àwọn ológun ṣì wà lórí oyè. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso fi ECOWAS sílẹ̀.

Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn tí ìyà ń jẹ ni ó bẹ̀ wá. Ní Niger, ta ni ó bi ìyálọ́jà léèrè?

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Èkíní, ẹ pa òfin mọ́. Ẹ má ṣe fàyàwọ́, nítorí ẹni tí ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ń jèrè lórí ebi ẹlòmíràn. Èkejì, ẹ má ṣe fi ìdènà bojú kí ẹ má san gbèsè tí ẹ jẹ oníṣòwò ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀kẹta, kí Ẹgbẹ́ wa máa ké sí ìjọba pé kí oúnjẹ, oògùn àti iná ilé ìwòsàn má ṣe wọ inú ìfòfindè. Ẹ̀yin ará wa lókè òkun tí ẹ ń rin ìrìn-àjò ìgbafẹ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn tí ìyà ń jẹ ní ilẹ̀ náà ń fẹ́, kí ẹ tó ra ìwé ọkọ̀.

A kì í bá ọba jà kí a sọ kànga aráàlú di àkúrun. Kí Ọlọ́run kí ó mú Ẹgbẹ́ wa tẹ̀síwájú. Àṣẹ.