Ọpọlọ Ń Ránṣẹ́ Pe Ẹ̀jẹ̀



Bí epo ìyá alákàrà bá fẹ́ tán, á rán ọmọ lọ bù ú wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń ṣe. Bí ẹ ti ń kàwé yìí, ó ń ránṣẹ́ pe ẹ̀jẹ̀. Nitric oxide, afẹ́fẹ́ tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, wà lára àwọn ìránṣẹ́ náà. Bó bá ti dé, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú kí iṣan yi. Kì í fẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ lọ yẹ ìfúnpá yín wò.

Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tàbí tí apá rẹ̀ kan rọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ó di àárọ̀ o.