Iná Ìkọ̀kọ̀ Tí Ń Jó Nínú Ọkàn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé apá ọkàn tí ó fara sin yẹ̀wò, èyí tí í máa darí ọwọ́ àti ahọ́n wa kí a tó ronú. Òun ni í mú kí ọwọ́ oníṣòwò dín òṣùwọ̀n kù, tí í sì mú kí èébú jáde lẹ́nu aláàwẹ̀ kí ó tó rántí pé òun ń gba ààwẹ̀.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lójú àwa tí a ń gbé Port Harcourt. Láti ìparí ọdún 2016 ni eruku dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé fèrèsé wa àti aṣọ tí a sá. A ó nù ún ní àárọ̀, yóò tún dé ní ìrọ̀lẹ́. Lára ohun tí ó fà á ni iná tí àwọn kan fi ń se epo rọ̀bì ní ìkọ̀kọ̀ létí odò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn rí. Ìtúúbá ń nù ún mọ́, ṣùgbọ́n bí a kò bá pa iná ìkọ̀kọ̀ náà, èérí yóò padà.

Imam Al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, ṣàlàyé nínú tírà rẹ̀, Ihya Ulum al-Din, bí iná yìí ṣe ń ràn. Èrò yóò kọ́kọ́ wọlé, ọkàn yóò fà sí i, yóò dá a láre, yóò pinnu, ọwọ́ yóò sì ṣe é. A kì í fi èrò àkọ́kọ́ mú ènìyàn, nítorí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Aáfà náà tún kọ́ wa ní ohun mẹ́ta: kí a bá ọkàn wa ṣe àdéhùn ní òwúrọ̀, kí a máa ṣọ́ ọ ní ọ̀sán, kí a sì bá a ṣírò ní alẹ́, bí ọlọ́jà ti ń bá alájọṣe rẹ̀ ṣírò èrè àti àdánù.

Ẹ má ṣe sọ pé ìwà tí ó ti mọ́ra kò ṣeé yí padà. Ẹ wo sàárì: ní ìbẹ̀rẹ̀ Rọmọdọ́ọ̀nù, aago ni í jí wa. Nígbà tí ó bá yá, ojú a là kí aago tó dún. Ọkàn ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́. Ọkàn tí ó kọ́ jíjí ní òru lè kọ́ òtítọ́ àti sùúrù pẹ̀lú.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù yín mú ìwà kan ṣoṣo, kí ó ṣírò lórí rẹ̀ ní alaalẹ́ títí ààwẹ̀ yóò fi parí, kí ó má sì dá a dúró nínú oṣù Ṣàwálì.

Kí Ọlọ́hun bá wa fọ ohun tí ó hàn àti ohun tí ó pamọ́ nínú ọkàn wa. Àmín.